Pátákó Idẹ Tí Wọ́n Fi Sin Mí Láàyè

                                                            Kerkpad 9,
                                                            Oosterhaven,
                                                            Noord-Holland.
                                                            Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹwàá, 2024.

Sijtje, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni gbogbo nǹkan ní òdìkejì ayé lọ́hùn-ún? Orúnkún rẹ tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ sí ńkọ́, ṣé ó ti ń gbé ọ dé ẹnu ọ̀nà? Gordon ńkọ́, ṣé ó ṣì ń bá àwọn àgùntàn rẹ̀ jà bí ẹni ń bá àna jà? Mo rí fọ́tò ọmọ-ọmọ rẹ tuntun. Imú rẹ ló gbé wá sáyé, kí Ọlọ́run bá a gbé e. Dirk ọmọ mi àti ìyàwó rẹ̀ wà dáadáa, wọ́n ní kí n kí ọ. Èmi náà ń bẹ, ara mi le. Jọ̀wọ́ fi ìyẹn sọ́kàn pé ara mi le, torí bí o bá kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí lẹ́nu ẹlòmíràn, o lè bú sẹ́kún.

Wọ́n ti sin mí, Sijtje. Wọ́n gbẹ́ ọdún tí mo kú sára idẹ, wọ́n sì kàn án mọ́ ògiri èbúté, níbi tí gbogbo ẹni tó bá wá ra ẹja yóò ti rí i.

Ìgbìmọ̀ èbúté ló ṣe é. Ní ìparí oṣù kẹjọ, nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ Dirk ní Zwolle, wọ́n kó àwọn onífèrè jọ, wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n fa aṣọ kúrò lójú pátákó idẹ kan. Kò sẹ́ni tó pè mí. Nígbà tí mo padà dé, mo ń ti kẹ̀kẹ́ mi lọ létí omi ni mo rí orúkọ ara mi: NEELTJE PLAT, 1949–2021, OHÙN ÈBÚTÉ WA. Inú mi kọ́kọ́ dùn, n kò ní purọ́. Mo ní áà, wọ́n rántí mi. Ìgbà tí ojú mi wá dé ọ̀dọ̀ ọdún kejì ni mo di kẹ̀kẹ́ mú. Mo wo àwòrán tí wọ́n gbẹ́ sókè orúkọ náà. Irun gígùn, eyín gbogbo ní ìta. Neel Oníwàrà ni.

O kúkú mọ̀ ọ́n. Bàbá mi àti bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ ìyá, àwọn méjèèjì sì fi orúkọ ìyá wọn sọ ọmọbìnrin wọn àkọ́kọ́, bí gbogbo wa ti ń ṣe níhìn-ín. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni mo fi ṣáájú rẹ̀ dáyé. Neeltje Plat méjì ní òpópónà kan ṣoṣo! Àwọn ará ilé wa mọ bí wọ́n ṣe ń yà wá sọ́tọ̀: bàbá mi ló ń lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí náà èmi ni Neel Alágogo, bàbá tirẹ̀ ń ta wàrà, òun sì ni Neel Oníwàrà. Ṣùgbọ́n ìwé ìjọba kò mọ agogo, kò mọ wàrà. Òun ló kú ní 2021. Mo lọ síbi ìsìnkú rẹ̀, ẹ̀yìn pátápátá ni mo jókòó sí.

Ó wá kan ohun tí mo fi pamọ́ fún ọ láti àádọ́ta ọdún. Nígbà tí ìwọ, èmi àti Trui jọ ń kọrin nínú ẹgbẹ́ De Sternen, kò sí wàhálà kankan. Aṣọ fèrèsé ìyá rẹ la fi rán síkẹ́ẹ̀tì, ohùn mẹ́ta la ní, ojú mẹ́ta la ní. Lẹ́yìn tí o fẹ́ Gordon tí o sì tẹ̀lé e lọ, tí Trui sì lọ ṣe nọ́ọ̀sì, mo bọ́ sínú ẹgbẹ́ Noordwind, ọkùnrin mẹ́rin àti èmi nìkan. Àwo orin “Iná Èbúté” tí mo fi ránṣẹ́ sí ọ, ohùn mi ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó gòkè títí ó fi dé ipò kẹta ní gbogbo ilẹ̀ Holland. Ni tẹlifíṣàn bá pè wá, fún ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹjọ, 1974. O rántí bí wọ́n ṣe ń ṣe é nígbà náà: wọn a fi àwo orin sí i, olórin a kàn máa la ẹnu, a máa pa á dé, bí ẹja inú garawa.

Oyún Dirk ti di oṣù méje. Terpstra, máníjà wa, wo ikùn mi bí ẹni wo ẹrù tí kò ní wọ inú ọkọ̀. Ó ní, “Neel, ta ló fẹ́ rí ikùn lórí tẹlifíṣàn?” Mo ní ọkọ ló fún mi lóyún, n ò jí i gbé. Ó ní, “Ọmọ ẹbí yín onírun yẹ́lò yẹn, ṣé kì í ṣe Neeltje Plat lòun náà ń jẹ́ ni? Kó bá wa la ẹnu fún ìṣẹ́jú mẹ́ta péré. Neeltje Plat ni wọ́n á kọ síbẹ̀, Neeltje Plat ló sì máa dúró níbẹ̀. Irọ́ wo ló wà ńbẹ̀?”

Lọ́jọ́ náà, mo gbé ẹsẹ̀ mi tó wú lé orí àpótí nílé ìyá mi, mo sì ń wo bí ohùn mi ṣe ń jáde lẹ́nu ẹlòmíràn lórí tẹlifíṣàn. Ìyá mi dìde, ó lọ fọ àwo tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo bímọ tán tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́, kò sẹ́ni tó mọ̀ mí mọ́. Terpstra ní kí Oníwàrà máa dúró lórí ìtàgé, kí èmi máa kọrin lẹ́yìn aṣọ. Ohun tí mo sọ fún un kò ṣeé kọ sínú lẹ́tà, pàápàá tí ọmọ-ọmọ rẹ bá lè kà á. Mo jáde. Oníwàrà náà kọ̀, kò lọ mọ́, Noordwind sì fọ́n ká. Nígbà tí o kọ̀wé sí mi lọ́dún náà pé kí ló dé tí irun mi fi pọ́n nínú ìwé ìròyìn, tí mo sì ní mo fi ọ̀dà irun kùn ún ni, irọ́ ni mo pa fún ọ. Ojú ló tì mí. Jọ̀wọ́, má bínú.

Bí mo ṣe di olórin àdánìkan nìyẹn. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi kọrin níbi ìgbéyàwó, níbi ọjà ọdún, nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé àwọn arúgbó káàkiri. Ní Kampen, mo ń kọ “Iná Èbúté” lọ́wọ́, ọkùnrin kan gbé ife bíà sókè, ó pariwo pé, “Màmá, ẹ sọ̀kalẹ̀! Ẹ jẹ́ kí ojúlówó Neeltje Plat wá kọ orin ẹ̀!” Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Mo kọ ọ́ parí ṣá. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo lọ ń yan ẹja ní ilé ìyanja títí mo fi fẹ̀yìn tì. Àwọn àgbà máa ń sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Èyí ti lọ fún àádọ́ta, Sijtje, òtítọ́ ṣì ń wá bàtà rẹ̀.

Ọjọ́ kẹta oṣù yìí ni mo pé ọdún márùn-dín-lọ́gọ́rin. Àga yí pálọ̀ ká. Ẹni tó bá wọlé a bọ gbogbo ènìyàn lọ́wọ́, a máa kí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan pé wọ́n kú oríire Neel, títí dórí aládùúgbò tí kò bá mi tan rárá. Ta ló tún wọlé? Evert Hoogland, alága ìgbìmọ̀ èbúté, tí ìyàwó rẹ̀ mú wá. Ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́ta ni, kò tíì sí láyé nígbà tí a ń ṣe tẹlifíṣàn. Ó bọ gbogbo ọwọ́ yíká, ó jókòó, ó gba kọfí, ó gba kéèkì ápù.

“Màmá Neel, ẹ kú oríire o! Ẹ ò tiẹ̀ dàgbà.”

Mo ní, “O ṣeun, Evert. Ṣùgbọ́n òkú kì í ṣọjọ́ ìbí.”

Ó ní, “Òkú kẹ̀? Ta ló kú?”

“Èmi ni. Ó ti pé ọdún mẹ́ta. Ìwọ gan-an lo fa aṣọ kúrò lójú pátákó mi.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Nígbà tó rí i pé n kò bá a rẹ́rìn-ín, ó ní, “Àbí ẹ̀yin náà máa ń kọrin tẹ́lẹ̀ ni?”

Sijtje, ó bi mí bóyá èmi náà máa ń kọrin tẹ́lẹ̀! Nínú ilé mi! Griet, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, tó máa ń gbé Dirk pọ̀n kí n lè ráyè lọ kọrin, inú kọ́ọ̀pù rẹ̀ ló ń wò bí ẹni pé nǹkan ṣubú sí i. Mo bá sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, láti orí ikùn dórí Kampen. Evert gbọ́ ọ tán, ó nu ẹnu.

“N ò sọ pé ẹ purọ́ o, màmá. Ṣùgbọ́n Neeltje Plat la kọ. Ṣé kì í ṣe Neeltje Plat ló kọrin ni? Irọ́ wo ló wá wà ńbẹ̀?”

Ọ̀rọ̀ Terpstra gan-an, láìyọ ẹyọ kan! Ó ti pẹ́ tí Terpstra ti kú, ẹnu rẹ̀ sì jókòó sí pálọ̀ mi, ó ń jẹ kéèkì mi. Evert ní ìgbìmọ̀ yóò jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn ọdún Àjíǹde, pé wọ́n lè yan ìgbìmọ̀ kékeré kan tí yóò wò ó. Griet wá la ẹnu wàyí: “Neel, fi sílẹ̀ jàre. Ṣe bí gbogbo èèyàn ṣe ń ṣe, ìyẹn nìkan ti tó wèrè.”

“Griet,” ni mo wí, “kọfí kejì ò kàn ọ́.” Mo gbé kọ́ọ̀pù rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ lọ sí kíṣìnnì.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni Alie, ọmọbìnrin Oníwàrà, kan ilẹ̀kùn. Ó ti gbọ́. Ta ni kò tíì gbọ́? Ó mú kàlẹ́ńdà ọjọ́ ìbí tó wà nínú ilé ìyàgbẹ́ ìyá rẹ̀ dání, bí irú èyí tó wà ní ilé ìyàgbẹ́ gbogbo wa. Ó ṣí i sí oṣù kẹjọ. Ní ọjọ́ kẹrìnlá, ọjọ́ tẹlifíṣàn yẹn, tí a kò bí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí, ìyá rẹ̀ fi yíǹkì kọ ọ́ pé: “Neel Alágogo. Orin rẹ̀ ni.”

Alie ní, “Mo máa ń bi wọ́n pé kí lèyí, ṣebí oṣù kẹwàá ni wọ́n bí àǹtí Neel. Wọ́n á ní kí n jẹ́ káwọn ráyè yàgbẹ́, kí n lọ fi bébà di ẹja.”

Ẹja, Sijtje! Gbogbo ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹjọ, láti ìgbà tí Dirk ti pé ọdún kan, ni mo máa ń bá ẹja paling yíyan méjì nínú bébà ìròyìn lẹ́nu ọ̀nà mi. Mo mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ ló ti wá. Mo rò pé nítorí ọdún Màríà tó máa ń bọ́ sí ọjọ́ kejì ni, n kò sì fẹ́ jẹ ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀. Ológbò ni mo ń gbé e fún. Ológbò mẹ́fà ló ti fi ẹja náà sanra, tí wọ́n sì kú.

Mo sunkún. Lẹ́yìn náà ni inú tún bí mi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tó la ẹnu fún ohùn mi lójú gbogbo ayé, kí ló dé tí kò lè la ẹnu bá mi sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí ojúlé mẹ́ta péré wà láàárín wa? Èmi náà ńkọ́? Mo kan ilẹ̀kùn rẹ̀ rí bí? Mo ń bínú sí òkú, mo ń bínú sí ara mi, mo tún ní ìbínú tó pọ̀ tó láti kárí gbogbo ìgbìmọ̀ náà.

Mo bi Alie bóyá ó fẹ́ kí wọ́n yọ ojú ìyá rẹ̀ kúrò. Ó gbá kàlẹ́ńdà náà mọ́ àyà. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, ojú náà yóò wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò tún mú ẹnikẹ́ni kúrò níbì kankan nítorí bó ṣe rí. Ó lọ mú ọmọrí àpótí ẹja kan wá, ó mú ọ̀dà búlúù tí wọ́n fi ń kun ọkọ̀, èmi sì kọ ọ́ gàdàgbà: OJÚ RẸ̀ NÌYÍ. OHÙN NÁÀ Ń GBÉ NÍ KERKPAD 9, KÒ TÍÌ KÚ. Ẹ KAN ILẸ̀KÙN. A gbé e kọ́ sábẹ́ idẹ náà. Lọ́jọ́ Ajé, Evert yọ ọ́. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Alie fi ìdè onírin dè é mọ́ ògiri padà. Evert ní kò bófin mu. Alie ní, “Ẹ lọ yan ìgbìmọ̀ kékeré kan lé e lórí.”

Wọ́n ti ń kanlẹ̀kùn. Lánàá, ọkọ àti ìyàwó arúgbó kan gun kẹ̀kẹ́ wá láti Groningen, wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà, ìyàwó ní ṣé lóòótọ́ ni. N kò pè wọ́n wọlé. Mo dúró níbẹ̀ nínú épírọ́ọ̀nù mi, ọwọ́ mi ń run àlùbọ́sà, mo sì kọ ẹsẹ àkọ́kọ́ “Iná Èbúté” fún wọn. Ohùn mi gbọ̀n níbi tó ga, ṣùgbọ́n ó dé ibẹ̀. Obìnrin náà bo ẹnu, ó ní, “Ẹ jọ inú àwo orin yẹn gan-an!”

Mo ní, “Rárá o. Àwo orin ló jọ mí.”

Bá mi kí Gordon àti àwọn ọmọ, kí o sì fi ẹnu ko imú tuntun yẹn fún mi. Bí fọ́tò wa nínú síkẹ́ẹ̀tì aṣọ fèrèsé bá ṣì wà lọ́wọ́ rẹ, fi ránṣẹ́ sí mi. Èmi ni kí o fi ránṣẹ́ sí o, kì í ṣe ìgbìmọ̀. Àdírẹ́sì mi kò yí padà. Ó wà lára ògiri èbúté báyìí.

                                                            Èmi ọ̀rẹ́ rẹ ni, tọkàntọkàn,
                                                            Neel Alágogo,
                                                            láàyè.