Igbó Tí Ẹ Ní Ká Jọ Lọ Wò

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo ti dé igbó yín ní Kalifóníà. Ní gbogbo ìgbà tí ẹ fi gbé lọ́dọ̀ wa ní Lawrenceville níbí, kò sí ẹ̀ẹ̀rùn kan tí ẹ kì í sọ pé ká jọ lọ wo ibi tí ẹ ti ṣiṣẹ́ aṣọ́gbó. Èmi á ní mo wà lórí shift. Ẹ̀yin á rẹ́rìn-ín, ẹ ó máa fi ìka nu etí ife tíì yín. Nígbà tó yá, ẹ ò sọ ọ́ mọ́. Ṣé ó dùn yín ni?

Lẹ́yìn ìsìnkú yín ni mo tó lọ, èmi nìkan. Òótọ́ lẹ sọ. Kò sí igi ńlá kankan níbẹ̀. Igi kúkúrú ló há mọ́ra wọn, ewé wọn kéré, ó le bí awọ. Òjò kì í rọ̀ níbẹ̀ lẹ́ẹ̀rùn, síbẹ̀ ewé ò rọ. Níbi tí iná ti jó, ọ̀mùnú ń yọ lára kùkùté dúdú.

Bàbá, mi ò tíì sọ èyí fún ọkọ mi pàápàá. Ọ̀sán gangan ni. Mo gbọ́ ìrìn lẹ́yìn mi. Mo dúró, ó dúró. Atẹ́gùn ò fẹ́, ẹyẹ ò ké. Òórùn ewé kan wá ń ta sánsán bí àgbo, òórùn kóòtù tí ẹ máa ń wọ̀ ṣiṣẹ́ gan-an. Ohùn kan sì jáde láti inú igbó:

“Ìyá mi kékeré, dúró dè mí.”

Ta ló tún ń pè mí bẹ́ẹ̀ láyé yìí lẹ́yìn yín? Orí mi wú. Mo ti fẹ́ dáhùn, mo bá rántí pé ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa pé a kì í dá ẹni tí a ò rí lóhùn nínú igbó. Mo sá. Ẹ̀gún fa aṣọ mi ya títí mo fi dé ìdí mọ́tò. Mo ti ilẹ̀kùn, mo wẹ̀yìn. Ojú ọ̀nà tí mo gbà nìkan ni ewé ti ń mì, ó ń mì bọ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí ẹni tí orúnkún ń dùn bá ń rìn. Ó dé etí títì, ó dúró. Mo wa mọ́tò lọ.

Orúnkún yín ò gbé yín mọ́ kí ẹ tó lọ. Bàbá, ṣé ẹ̀yin ni mo sá fún?

Mo ti gba ààyè níbi iṣẹ́. Mò ń padà lọ síbẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, màá dúró.

Èmi ni,
ọmọ yín, tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí yín.