Rédíétọ̀ Tí Mo Kà Tì

Ìgbòho,
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù keje, ọdún 1985.

Ọmọ mi Mùtíátù, Àbẹ̀ní mi,

Kí àlàáfíà ti ṣáájú ìwé yìí dé yàrá rẹ ní Agbowó, kó ti jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì de ìwé kí ìwé tó wọlé. Mo kí ọ kú iṣẹ́ ọba, mo kí ọ kú òjò, mo kí ọ kú ìfaradà ẹ̀kọ ìlú yín tí ewé rẹ̀ pọ̀ ju ẹ̀kọ lọ. Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká fi ẹkún wá ọ. Olúṣẹ̀yẹ, ọkọ rẹ lọ́la, Ọlọ́run á dá a sí fún wa. Àmín.

Gbogbo wa wà níbí. Ìyá rẹ ń kí ọ, èmi ni kì í kí. Ewúrẹ́ dúdú yẹn bí méjì, iṣu wà, ẹsẹ̀ òsì mi ṣì ń dùn mí bí òjò bá ti ṣú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí o kò kọ̀wé sí mi, mo sì mọ ohun tó fà á. Ojú ń tì mí, Mùtíátù. Ìgbà mẹ́rin ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ìwé yìí, ìgbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni mo fi í dáná.

Jẹ́ kí n sọ ọ́ láti ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. O rántí pé nígbà tí àwọn àna wa wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ nílé ẹ̀gbọ́n mi Ajíbóyè ní Òkè Àdó, ẹsẹ̀ ló dá mi dúró sílé, n kò lè wá. Ìdí nìyẹn tí bàbá ọkọ rẹ fi ní àwọn kò tíì rí ojú mi, kí n wá jẹun lọ́dọ̀ àwọn ní Bódìjà lẹ́yìn ìtúnu àwẹ̀. O kọ̀wé sí mi pé bó bá jẹ́ píkọ̀ọ̀pù àtijọ́ mi ni n ó gbé wá, kí n pààrọ̀ rédíétọ̀ rẹ̀ kí n tó gbéra. Ìyá rẹ ní kí n gbé ìwé náà fún tíṣà kó kà á fún wa, mo bínú. Ọdún méjì gbáko ni mo fi lọ kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà, tí mo jókòó ti àwọn tí mo lè bí lọ́mọ, torí kí ẹnu ẹlòmíràn má baà ka ìwé rẹ sí mi létí mọ́. N ó wá tún gbé e fún tíṣà? Mo fi ìka tẹ ọ̀rọ̀ náà. Mo ka ré. Mo ka dí. Ó tún ṣẹ́kù gbọọrọ, ojú sì ti ń dùn mí, ni mo bá fi ẹnu ara mi parí ẹ̀, mo ní rédíò. Ọmọ mi, ibi omi là ń pe nǹkan yẹn níbí. N kò mọ̀ pé ó ní orúkọ mìíràn.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé ìgbà wo gan-an ló yẹ kéèyàn pààrọ̀ nǹkan. Rédíò ọkọ̀ mi ṣì ń sọ̀rọ̀, ó kàn ń hó díẹ̀ ni, mo sì ní ohun tó bá ṣì ń sọ̀rọ̀ kò tíì kú, kí n ní sùúrù. Àlíù mẹkáníìkì wa wá ń yọ mí lẹ́nu ní tirẹ̀ pé ibi omi ló ń jò, pé ẹ̀ẹ̀mẹta lòun ti fi ọṣẹ dí i, pé bí ọkọ̀ bá ti ń mu omi ju bó ṣe ń mu epo lọ, ìgbà àtipààrọ̀ ti tó, kò tún sí ìgbà mìíràn lẹ́yìn ìyẹn. Mo ní kó panu mọ́, pé ọmọ mi n'Íbàdàn kò dárúkọ ibi omi, rédíò ló dárúkọ, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Àlíù ní ó dáa, Bàbá. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan ká lọ, rédíò náà dákẹ́ lóòótọ́. Mo ní ìgbà ti tó nìyí, mo ra tuntun, èyí tó ń gba ẹnu méjì kọrin.

Ìyá rẹ ti ṣáájú mi lọ sí Òkè Àdó, èmi nìkan ni mo wakọ̀, iṣu wà lẹ́yìn, rédíò ń kọrin. Aago kékeré kan wà nínú ọkọ̀ yẹn tí kì í sọ ìgbà. C wà lápá kan rẹ̀, H wà lápá kejì. Tíṣà ti kọ́ wa pé kò sí C nínú ábídí Yorùbá. Nígbà tí abẹ́rẹ́ wá kúrò lọ́dọ̀ C ní Ọ̀yọ́, tó ń lọ jẹ́jẹ́ sọ́dọ̀ H, inú mi dùn, mo ní ọkọ̀ mi ti ń gbọ́ Yorùbá. Ní Mọ́níyà ó ti gun orí H pátápátá, mo kí i kú iṣẹ́. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí èéfín bò mí lójú. Àwọn ọmọ Yunifásítì ló bá mi ti ọkọ̀ kúrò lójú títì ní Agbowó, lẹ́bàá ibi tí ò ń gbé gan-an, mo sì ń bẹ Ọlọ́run kí aládùúgbò rẹ kan má mọ̀ mí. Mo fi etí àgbádá di ìdérí ibi omi mú, mo yí i. Omi pupa gbígbóná tú jáde, ó bọ́ sí àgbádá, ó bọ́ sí fìlà, ó bọ́ sí bùbá. Ọpẹ́lọpẹ́ pé mo ti yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àgbádá funfun tí o fi owó oṣù rẹ àkọ́kọ́ rán fún mi ni. Rédíò kò tilẹ̀ dákẹ́ orin.

Mo ká àgbádá sábẹ́ ìjókòó, mo bu omi kún ọkọ̀, mo dé Bódìjà nígbà tí ẹ ti jókòó tán. Mo tẹ bọ́tìnnì kan lára ògiri wọn, nǹkan kan fọhùn nínú ilé, mo ní ẹ kú ilé o, kò dá mi lóhùn. Bàbá ọkọ rẹ fúnra wọn, Dókítà Akínbíyìí, ni wọ́n jáde wá, aṣọ wọn ń dán. Wọ́n wo bùbá mi, wọ́n wo ọkọ̀ tó ń rú èéfín, wọ́n wá bi mí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé ṣé èmi ni awakọ̀ tó kó iṣu bàbá ìyàwó wá. Mùtíátù, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ahọ́n mi ló sọ ọ́, n kò rán an. Wọ́n ní bàbá fúnra wọn wá ńkọ́, mo ní ara wọn kò yá.

Wọ́n ní kí n lọ sinmi lábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ilé. Mo ń gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n mi láti ojú fèrèsé, tó ń dúpẹ́ lórúkọ mi. Wọ́n gbàdúrà pé kí Ọlọ́run fún bàbá ìyàwó ní ìlera, mo ṣe àmín lábẹ́ igi.

Lẹ́yìn náà lo gbé oúnjẹ jáde fún awakọ̀. O rí mi. Orúnkún rẹ ti ń tẹ̀, mo sì yára mi orí sí ọ torí ìyá ọkọ rẹ wà lẹ́yìn rẹ. O gbé àwo sílẹ̀, o nàró, o padà wọlé. Láti ìgbà tí o ti mọ ìrìn, o kò dúró lóòró níwájú mi rí. Èmi ni mo ní kí o má kúnlẹ̀, síbẹ̀ n kò lè jẹ iyán yẹn, títí ó fi tutù. Bí o bá ń rò pé ìwọ ni mo sẹ́ nílé ọkọ rẹ, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo rò pé bí wọ́n bá mọ̀ pé èmi nìyí, wọn kò ní fẹ́ ọ mọ́.

Bí mo ṣe ń bu omi sí ọkọ̀ láti ìlú dé ìlú títí mo fi délé, má bèèrè. Nígbà tí Àlíù ṣí iwájú rẹ̀, ó ní rédíétọ̀ yìí mà ti kú o, Bàbá. Mo ní kí ló pè é. Ó tún un pè. Mo wọlé lọ mú ìwé rẹ, mo fi ìka tẹ̀ ẹ́, mo kà á dé òpin lọ́tẹ̀ yìí, mo sì jókòó sílẹ̀. Ìyá rẹ kò bá mi jà. Bí mo bá ní oúnjẹ dà, ó ní kí n lọ bèèrè lọ́wọ́ rédíò.

Ìgbéyàwó rẹ kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹ̀yìn iléyá kò jìnnà mọ́. Bí owó díẹ̀ bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi ránṣẹ́, ibi omi gan-an ni n ó fi pààrọ̀, n kò ní dúró dìgbà kankan mọ́. Bí kò bá sí, n ó wọ ọkọ̀ èrò. Ìyá rẹ ti fi ọṣẹ dúdú fọ àgbádá yẹn títí, àbàwọ́n rẹ̀ kò lọ, òun náà ni n ó wọ̀. Bí wọ́n bá bi mí lẹ́nu ọ̀nà pé ta ni mí, n ó sọ ọ́ fún wọn, n ó sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Dókítà níṣojú gbogbo èèyàn.

Ilé ọkọ á tù ọ́ lára, o ó bímọ tí yóò ka ìwé dé òpin. Àmọ́ lọ́jọ́ náà, Àbẹ̀ní, ibi yòówù kí o ti rí mi, iwájú ẹni yòówù kó jẹ́, jọ̀wọ́, kúnlẹ̀ kí mi.

Èmi ni bàbá rẹ,
Sùlàímọ́nù Àkànmú.