Ìwé Ìgbéyàwó Tí Mo Lẹ̀ Mọ́ Ilẹ̀kùn Suleiman

Raliat ọmọ mi,

Mo ti lọ́kọ o! Ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lónìí, mi ò sì tíì sọ fún ẹnì kankan nínú ẹ̀yin ọmọ mi. Ṣé ara yín le? Ọlọ́run Ọba kò ní jẹ́ kí a fi ẹkún gba ìròyìn ara wa. Matthew ni, káfíńtà Ọ̀kà tó kan òrùlé wa. Ọdún kẹjọ rèé tí bàbá yín ti kú, ẹ̀rín sì ti padà sí ẹnu mi. Mi ò lè sọ ọ́ lórí fóònù, torí ọ̀dọ̀ ọmọ Suleiman àbúrò bàbá yín ni mo ti ń ra káàdì, ẹ̀rù ń bà mí pé yóò máa gbọ́ gbogbo ohun tí mo bá fi káàdì rẹ̀ sọ.

Àwọn ará ilé bàbá mi ti ṣàdúrà fún wa, ó wá ku ti ìjọba. Ní káńsù Ọ̀kà, wọ́n lẹ ìwé tó ní orúkọ wa mọ́ ògiri, wọ́n ní ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ lórí ìgbéyàwó yìí kó wá sọ ọ́ láàárín ọjọ́ mọ́kànlélógún. Orí mi wú! Ṣebí bí ìyàwó bá ń lọ ilé ọkọ, tẹ̀gbọ́n tàbúrò ní í wá sọ̀rọ̀ ìre, àṣé ìjọba náà mọ̀ ọ́n ṣe. Mo ní ará Ìkàrẹ́ kò ní rìn dé Ọ̀kà torí àtikà á, ni mo bá ṣe fọ́tòkọ́pì ìwé náà, mo lẹ ọ̀kan sí ibi tí wọ́n ti ń lọ ata, mo lẹ ìkejì mọ́ ilẹ̀kùn Suleiman gan-an, kó má baà ní a kò pe òun.

Òun ló kọ́kọ́ dé káńsù. Ó ní kí Eunice tó jókòó níbẹ̀ bá òun pe ọ̀gá rẹ̀. Eunice ní òun ni ọ̀gá. Suleiman tún yọjú wo ẹ̀yìn rẹ̀, bóyá ọkùnrin kan wà níbẹ̀. Ó wá ní òun kò gbà, pé opó Badmus ẹ̀gbọ́n òun kò lè gbé ilé fún onígbàgbọ́ ará Ọ̀kà, bí mo bá máa lọ́kọ, kí n ká ẹní mi, kí n fi ilé àti oko kòkó sílẹ̀ fún àwọn ọkùnrin. Eunice pè mí, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní Màmá, ẹni tó bá ní ẹ̀sùn ni ìwé yẹn ń pè, èmi ni mo wá ń gbé e kiri ìlú wá ẹlẹ́jọ́!

Ó ní Suleiman kò lè dá ìgbéyàwó dúró, ṣùgbọ́n ti ilé ṣòro, àfi kí n ní ẹlẹ́rìí. Matthew ní kí n fi ilé sílẹ̀, pé yàrá òun tó wa. Mo ní ẹ ṣeun, ọkọ mi, níbo ni àwọn ọmọbìnrin mi yóò wá máa wọ̀ sí ní Ìkàrẹ́? Ara mi kò balẹ̀, bí mo ti ń jókòó ni mo ń dìde. Ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ bá mi ru iyanrìn ilé náà láti odò, ẹ̀yin lẹ mọ̀ pé èmi ni mo gbin kòkó yẹn nígbà tí bàbá yín wà lórí àìsàn. Suleiman ti pe ìpàdé ẹbí, ó ní obìnrin kò lẹ́nu níbẹ̀. A ó wò ó.

Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, kí n fi gún iyán fún àwọn àgbà, torí ebi kì í jẹ́ kí àgbà gbọ́ ọ̀rọ̀ obìnrin. Ẹsẹ̀ yín kò ní kọ lọ́nà, ẹnu yín yóò gba ẹ̀tọ́ yín. Sọ fún Àsàmáù àti Memunat, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ní iṣẹ́ kò gba òun láyè, ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ẹlẹ́rìí mi ní ìpàdé náà: Sátidé, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹfà, aago mẹ́sàn-án àárọ̀, nílé wa ní Ìkàrẹ́.