Agbè Mẹ́fà Tí Mo Fọ̀

Ilé Adẹ́mu,
Abúlé Òkè-Igbà,
Lọ́nà Ìṣẹ́ Èkìtì,
Ìpínlẹ̀ Èkìtì.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹta, ọdún 1998.

Àǹtí Yéwándé mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà ní Ìkẹ́rẹ́? Bọ̀ọ̀dá Victor ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti ń fúyẹ́? Ìyanu ńkọ́, ṣé ó ti ń fẹ́ràn ilé ìwé? Ara àwa náà le, a dúpẹ́. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín nítorí ibi tí mo fi bíírò pa lókè yẹn. Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni ọwọ́ mi tún kọ. Ó ti lé lọ́dún kan tí wọ́n ti fún wa ní Èkìtì, ọwọ́ mi kò tíì gbà.

Àǹtí mi, ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí mi ò lè sọ fún Gbádébọ̀ ọkọ mi. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́ pàápàá.

Ẹ mọ̀ pé ẹmu ni gbogbo abúlé yìí ń dá. Láràárọ̀ ni àwọn adẹ́mu ń gbé agbè wọn wá sábẹ́ àtíbàbà ìyá ọkọ mi. Olórí ẹgbẹ́ wọn á tọ́ ti oníkálukú wò, kí wọ́n tó dà á pọ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì tí mọ́tò ń gbé lọ sí Ìṣẹ́. Àwọn oníbàárà ti ń ráhùn pé ẹnìkan ń bu omi sí ẹmu, pé ó ń fi ọṣẹ mú un hó.

Èmi kò gbọ́ ìyẹn nígbà náà. Ohun tí mo rí ni agbè mẹ́fà lẹ́yìnkùlé Bàbá Morákinyọ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ mi. Wọ́n dúdú nínú, wọ́n ń kan, eṣinṣin bò wọ́n. Mo ní màá ṣe ìyàwó rere. Mo da iyanrìn àti ọṣẹ ìfọṣọ sí wọn, mo mì wọ́n títí, mo ṣàn wọ́n, mo dá wọn padà síbi tí mo ti mú wọn. Bàbá kò sí nílé. Aáṣáà sì ti gba imú wọn tán, wọn kò gbóòórùn ohunkóhun kí wọ́n tó gbé agbè gun ọ̀pẹ.

Ní ọjọ́ kejì, olórí ẹgbẹ́ tọ́ ẹmu Bàbá wò, ó tu ú dànù. Ó ní, "Morákinyọ̀, ṣé aṣọ lo fẹ́ fọ̀ sínú ikùn wa ni?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ọ̀pẹ ni mo mọ̀. N kò mọ ọṣẹ." Ẹgbẹ́ ní Bàbá kò gbọdọ̀ gbé agbè kọ́ mọ́, àfi tí wọ́n bá kọ̀wé ẹ̀bẹ̀. Ìyá ọkọ mi mi orí, wọ́n ní, "Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ àná tó kù nísàlẹ̀ agbè ló ń jí ẹmu òní. Ta ló ń fọ agbè?" Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé èmi ni. Mo gbé ife dání láàárín wọn, mi ò jẹ́wọ́.

Ọjọ́ kọkànlá rèé. Igbà tí Bàbá fi ń gun ọ̀pẹ wà lára ògiri. Bí mo bá kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n á ní, "Ọmọ Ìkẹ́rẹ́, ulé dára?" Wọ́n ní irọ́ á lọ fún ogún ọdún kí òtítọ́ tó bá a. Tèmi kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, ó ti rẹ̀ mí.

Lónìí, Bàbá mú ìwé funfun kan wá bá mi. Gbádébọ̀ ti ń yangàn káàkiri pé ìyàwó òun mọ̀wé. Bàbá ní kí n bá àwọn kọ ọ́ pé àwọn jẹ̀bi. Mo ní, "Bàbá, ṣé ẹ ṣe é ni?" Wọ́n ní, "N kò ṣe é. Ṣùgbọ́n ọ̀pẹ ń dúró dè mí."

Àǹtí mi, mo kọ ọ́. Mo kọ nípa agbè mẹ́fà, iyanrìn àti ọṣẹ tí mo fi fọ̀ wọ́n. Nígbà tí mo parí, Bàbá na àtàǹpàkò wọn kí n fi bíírò kùn ún, kí wọ́n lè tẹ̀ ẹ́. Mo ní kò pọn dandan. Wọ́n fa àtàǹpàkò wọn sẹ́yìn. Wọ́n ní, "Ìyàwó, ìwé tí kò ní ọwọ́ mi nínú, ta ló ni ín?" Wọ́n ká ìwé náà rọra, wọ́n dá a padà sí mi lọ́wọ́, wọ́n ní èmi ni kí n kà á fún ẹgbẹ́ lọ́la.

Èmi tí mi ò lè gbàdúrà sókè ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bí wọ́n bá lé mi wá sí Ìkẹ́rẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ti ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n bí wọn kò bá lé mi, mo fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń tọ́jú agbè.

Ẹ bá mi kí màmá. Ẹ má tíì sọ fún wọn. Ẹ bá mi kí Bọ̀ọ̀dá Victor, kí ẹ sì fẹnu ko Ìyanu lẹ́nu fún mi. Bí mo ṣe fọwọ́ sí ti ẹgbẹ́ ni mo ṣe fọwọ́ sí tiyín yìí.

Èmi ni àbúrò yín tó fọ agbè,
Bísọ́lá, ìyàwó Gbádébọ̀.