Obìnrin Kàlàbá Tí O Rán Wá Jẹ́ Ìyá Rẹ

Ilé Bámgbóyè,
Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀ṣì,
Igbemo-Èkìtì.
Ọjọ́ Àìkú.

Olúwabùsáyọ̀ ọmọ mi,

Bàbá rẹ ló kí ọ. Ṣé dáadáa ni o jí? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé Èkó kò tíì gbà ọ́ lọ́wọ́ wa tán? Ọlọ́run tó mú ọ jáde nílùú yìí yóò máa mú ọ wọlé níbikíbi tí o bá ń sùn. Iná kò ní jó ilé tí o wà, ọkọ̀ kò ní fi ọ́ ṣeré, ẹni tó ń bá ọ rẹ́rìn-ín tí inú rẹ̀ kò mọ́, Ọlọ́run yóò tú u fó lójú rẹ. Àmín. Tísà Ọlálérè ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Mo ti kìlọ̀ fún un pé ohun tí mo bá sọ gan-an ni kó kọ, kó má fi ìwé tó kà tún ọ̀rọ̀ mi ṣe. Ó ní òun gbọ́. N ó ní kó kà á fún mi lẹ́ẹ̀mejì kí n lè mọ̀ bóyá ó gbọ́ lóòótọ́.

Èmi wà. Orúnkún ń dùn mí bí òjò bá ti fẹ́ rọ̀. Ewúrẹ́ dúdú yẹn bí méjì, ọ̀kan kú. Páànù ibi ìdáná ti ń jò ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ìyábọ̀ àbúrò ìyá rẹ máa ń gbé oúnjẹ wá fún mi ní gbogbo Sátidé, iyọ̀ rẹ̀ máa ń pọ̀ jù, mi ò sì sọ fún un rí. Ìròyìn ilé tán níbẹ̀ yẹn. Ó wá kan ibi tí ọ̀rọ̀ wà.

Ìwé tí o fi rán àwọn ènìyàn rẹ sí mi wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi. Jùwọ́n ọ̀gá wọn, ọmọkùnrin tó di irun bí obìnrin yẹn, ní bí n kò bá tẹ̀ka sí i kí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé tó mọ́, àwọn yóò kó ẹrù àwọn lọ sí ìlú mìíràn, àwọn yóò sì ya fíìmù ìyá rẹ ní ilé tí ìyá rẹ kò gbé rí. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó dọ̀bálẹ̀ kó tó sọ ọ́. Ẹni tó bá dọ̀bálẹ̀ kó tó halẹ̀ mọ́ mi, èmi máa ń ṣọ́ ọ ju ẹni tó dúró lọ.

Mo ní kí Tísà ka ìwé náà fún mi. Ojú ewé mẹ́ta ni. Nígbà tí èmi àti ìyá rẹ ṣe ìgbéyàwó, ojú ewé kan ṣoṣo ni wọ́n fún wa ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì tó wa fún ọdún mọ́kànlélógójì. Ìwé tìrẹ ní mo gbà kí wọ́n máa lo ilé mi àti orúkọ mi àti orúkọ Àyọ̀kẹ́ ìyá rẹ, títí láéláé, ní gbogbo ayé àti òkè ọ̀run àti níbi gbogbo tí Ọlọ́run dá. Mo ní kí Tísà tún ibẹ̀ kà. Ó tún un kà, bẹ́ẹ̀ náà ló wà. Mo bi í pé kí ni ẹni tó ń ya fíìmù ń wá lọ sí òkè ọ̀run. Ó ní bí àwọn lọ́yà ṣe máa ń kọ̀wé nìyẹn. Mi ò gbà. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ lo ilé mi ní Igbemo, mo lè yọjú wo ohun tó ń fi ṣe. Èyí tí wọ́n bá gbé lọ sí òkè ọ̀run, ta ni yóò bá mi ṣọ́ ọ? Wọ́n tún béèrè nọ́ńbà bánkì mi. Ilé ni wọ́n ní àwọn fẹ́ lò, kí ni bánkì wá ń ṣe níbẹ̀? Mo fún wọn ní nọ́ńbà ara ilẹ̀kùn, èyí tí àwọn tó wá ka ènìyàn nígbà kan fi ẹfun kọ. Jùwọ́n dúpẹ́, ó kọ ọ́ sílẹ̀, lẹ́yìn náà ló wá ń kà á léraléra tó ń fọwọ́ họrí.

Ṣùgbọ́n ìwé kọ́ ni olórí ọ̀rọ̀. Obìnrin yẹn ni. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí ọkọ̀ wọn dé láti Fájuyì ní Adó níbi tí wọ́n sùn sí, mo ti jókòó síwájú ilé láti àárọ̀, mo ń dúró de ẹni tí yóò sọ̀kalẹ̀, torí o ti sọ lórí fóònù pé o ti rí ẹni tí yóò ṣe ìyá rẹ. Ọkàn mi sọ pé ọmọ Adó ni, bó bá burú jù, ọmọ Ìkàrẹ́. Obìnrin gíga kan sọ̀kalẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó kí mi, ó tilẹ̀ pe ilé ní ‘ulé’ bí àwa ṣe ń pè é. Inú mi fẹ́ dùn. Mo bi í pé ọmọ ta ni. Ó ní Áríìtì ni orúkọ òun, ọmọ Kàlàbá ni òun. Mo wo Tísà. Tísà ń wo ilẹ̀.

Ṣé obìnrin ti tán ní Èkìtì ni, Bùsáyọ̀? Mo bi Jùwọ́n bẹ́ẹ̀. Ó ní obìnrin mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni àwọn pè wò, ọmọ Èkìtì pọ̀ nínú wọn, Áríìtì ló ṣe é jù. Èrò mi ni pé ẹ gbà á torí owó rẹ̀ kéré. Nígbà tí mo wá gbọ́ pé owó tirẹ̀ ló pọ̀ jù nínú gbogbo wọn, ìfura mi tún le sí i. Èèyàn kì í dédé san owó ńlá fún ohun tó wà lọ́fẹ̀ẹ́ nílé rẹ̀.

Tísà ní ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tuntun, pé ojoojúmọ́ ni àwọn ènìyàn ń bú ara wọn lé e lórí nínú fóònù òun, pé ọmọ Ìgbò ṣe ọba Yorùbá, pé ọmọ Yorùbá ṣe Fúlàní, pé ènìyàn dúdú ṣe ọba àwọn òyìnbó. Ó ní èmi náà ńkọ́, pé lọ́dún tí a ṣe eré Kérésìmesì ní ṣọ́ọ̀ṣì, ta ló ṣe Hẹ́rọ́dù? Òótọ́ ni, èmi ni. Ó ní ṣé Jùdíà ni wọ́n bí mi sí. Mo ní, “Tísà, ìyàwó Hẹ́rọ́dù wà nínú ìjọ lọ́jọ́ náà?” Ó ní rárá. Mo ní ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ nìyẹn, nítorí pé ọkọ Àyọ̀kẹ́ ṣì ń bẹ, ojú rẹ̀ sì ń ríran.

Wọ́n tún wá ń pe obìnrin náà ní ìyàwó mi. Jùwọ́n ń pariwo pé kí ìyàwó Bàbá dúró síbí, kí ìyàwó Bàbá jókòó sọ́hùn-ún. Mo bi wọ́n pé ta ló lọ tọrọ rẹ̀. Mo ní obìnrin kì í wọ ilé yìí kó máa jẹ́ ìyàwó láìjẹ́ pé a kọ́kọ́ lọ kí àwọn ènìyàn rẹ̀. Nígbà tí mo fẹ́ fẹ́ ìyá rẹ, ẹ̀ẹ̀mẹta ni bàbá mi fẹsẹ̀ rìn dé Òkè-Ìlá kí wọ́n tó dá a lóhùn. Jùwọ́n ní, Bàbá, eré ni o. Mo ní mo gbọ́, ṣé bàbá rẹ̀ náà gbọ́ pé eré ni?

Mo ní kí Tísà gba nọ́ńbà bàbá náà. Gbogbo wọn dúró lábẹ́ igi máńgòrò pẹ̀lú kámẹ́rà wọn, Tísà ń fi òyìnbó bá ọkùnrin kan sọ̀rọ̀ ní Kàlàbá. Mo ní kó kí i. Mo ní kó sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ wà nílé mi, pé wọ́n ní kó jẹ́ ìyàwó mi tó ti kú, pé èmi kò ní ohunkóhun bá a ṣe, pé iṣu mẹ́fà wà nílẹ̀ fún un bó bá gbà, bí kò bá sì gbà kó sọ̀rọ̀ kí n lé wọn lọ. Ọkùnrin náà ní ọdún méjìlá rèé tí ọmọ òun ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, pé wọ́n ti fi í ṣe ìyàwó ọ̀pọ̀ ènìyàn, kò sẹ́ni tó pe òun rí. Ó ní òun gbà. Ó ní kí n bá òun wò ó kí oòrùn má pa á jù. Áríìtì ti kúrò lọ́dọ̀ wa, ó lọ sẹ́yìn ilé. Nígbà tó padà dé, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Mo ní nínú ara mi pé eré náà ló ń ṣe.

Lọ́jọ́rú wọ́n ní kó dùbúlẹ̀ lórí ibùsùn ìyá rẹ. Wọ́n ní àwọn kò tíì yà á, àwọn ń dán an wò ni. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló kú láàárín àárọ̀ sí ọ̀sán. Bó bá ti kú tán, Jùwọ́n á ní kó dìde kó tún kú. Ìyá rẹ, ẹ̀ẹ̀kan péré ló kú, ó sì tó mi. Ọkùnrin tó ń ṣe èmi, ọmọ Ìbàdàn ni, ó sanra, kò mọ bí a ṣe ń di ọkọ́ mú. Mi ò bá a jà lórí ìyẹn. Ohun tí mo bá a jà lé lórí ni pé gbogbo ìgbà tí obìnrin yẹn bá ti kú ni òun náà máa ń sunkún. Mo dá wọn dúró. Mo ní èmi kò sunkún. Gbogbo Igbemo ló wà níbi ìsìnkú ìyá rẹ, kò sẹ́ni tó rí omi lójú mi. Ìwọ náà wò mí títí, o kò rí i, o sì bínú, ọdún mẹ́ta rèé tí o kò wọ ilé yìí. Mo ní ẹni tó bá fẹ́ jẹ́ èmi kò gbọdọ̀ sunkún, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kó lọ jẹ́ ẹlòmíràn. Jùwọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Wá gbọ́ ti ọjọ́bọ̀. Ìyábọ̀ ti bọ ìrẹsì, ó sá a sórí símẹ́ńtì iwájú ilé wa, àpò kan àti ààbọ̀. Mo ní ó yá, kí n dán obìnrin yìí wò fúnra mi. Mo ní kó lọ bá wa yí ìrẹsì kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ lè gbẹ. Mo mọ̀ pé yóò wá igi tàbí ìgbálẹ̀, n ó sì fi ìyẹn lé e padà sí Kàlàbá. Mo gbé àga mi síbi tí n ó ti rí i dáadáa, mo ti to ohun tí n ó sọ sẹ́nu. Ó bọ́ bàtà. Ó ká ìró rẹ̀ sókè díẹ̀. Ó wọ inú ìrẹsì, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ nínú rẹ̀ bí a ṣe ń wọ́ ọ, láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì, ó yí padà, ó tún ń bọ̀. Mo ní ìyẹn kò tíì tó nǹkan, ẹnikẹ́ni lè wò ó nínú fóònù. Ó ṣe é tán, ó jáde, ó lọ mu omi. Ìgbà yẹn ni mo tó wo ilẹ̀.

Ìlà ẹsẹ̀ ọ̀tún gùn, ó jinlẹ̀, ó lọ tààrà. Ti òsì ń já. Á fà díẹ̀, á já, á tún fà. O mọ̀ pé láti ọdún tí ọ̀kadà gbé ìyá rẹ ṣubú lọ́nà Adó ni ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kò ti tẹlẹ̀ dáadáa mọ́. Kì í ṣe pé ó ń tiro tí àlejò fi lè rí i. Orí ìrẹsì nìkan ló ti máa ń hàn. Èmi rò pé èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n, torí èmi ni mo máa ń jókòó sórí àga yẹn.

Mo pe obìnrin náà. Mo bi í pé ta ló sọ ti ẹsẹ̀ òsì fún un. Mo rò pé yóò dárúkọ Ìyábọ̀. Ó ní, “Bàbá, ọmọ yín ló kọ ọ́ sínú ìwé eré náà. Ó ní bí òun bá ti ilé ìwé dé tí òun kò bá Màmá nílé, ìrẹsì ni òun máa ń kọ́kọ́ wò, kí òun lè mọ̀ bóyá wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni.”

Mo padà sórí àga mi.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, òjò ṣú. Ìyábọ̀ sáré dé pẹ̀lú ìgbálẹ̀ àti àpò. Mo ní kó fi ìrẹsì náà sílẹ̀. Ó ní òjò ń bọ̀. Mo ní mo rí i. Ó bi mí pé ṣé orí mi pé. Tísà wá kún un, àwọn méjèèjì ń pariwo lé mi lórí, mo na ọ̀pá mi dábùú ọ̀nà kí wọ́n má baà tẹ ìlà ẹsẹ̀ yẹn. Òjò rọ̀. Ìrẹsì bàjẹ́, ó ti ń rùn báyìí. Tísà ń bi mí pé ìdí wo ni kí òun kọ síbí. Mo ní kó má kọ ìdí kankan.

Lánàá mo ní kó tún ìwé yẹn kà fún mi, ibi òkè ọ̀run yẹn nìkan. Mo ní ṣé ó dá a lójú pé ibi gbogbo ni wọ́n kọ. Ó ní ibi gbogbo ni. Mo ní a jẹ́ pé kò síbi tí Àyọ̀kẹ́ lè wà tí fíìmù náà kò ní dé. Mo tẹ̀ka sí i, àtàǹpàkò òsì, ojú ewé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Tísà ní ojú kan ti tó, mo ní kó má baà já sọnù lọ́nà.

Má rò pé mo ti gbà pé ọmọ Kàlàbá lè jẹ́ ìyá rẹ. Mi ò gbà. Ìrẹsì nìkan ni mo gbà fún un. Bí wọ́n bá dé ibi tó ti ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, n ó tún jókòó tì í.

Fi owó ìrẹsì àpò kan àti ààbọ̀ ránṣẹ́ fún Ìyábọ̀, kò bá mi sọ̀rọ̀ láti ọjọ́bọ̀, kò sì gbé oúnjẹ wá lánàá. Fi owó páànù ibi ìdáná kún un. Má fi sí bánkì kankan, gbé e wá fúnra rẹ. Bí obìnrin bá lè ti Kàlàbá mọ ọ̀nà ilé yìí, ìwọ tí a bí síbẹ̀ kò lè sọ pé o ṣìnà.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì. Ohun tí o bá fi ọwọ́ rẹ kọ yóò jẹ́ oúnjẹ fún ọ. Ilé yóò máa mọ ohùn rẹ. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Bámgbóyè.

Tísà ti fẹ́ dé bírò, mo ní kó dúró. Ọkùnrin Ìbàdàn yẹn, sọ fún Jùwọ́n kó fi í sílẹ̀. Bó bá fẹ́ sunkún, kó sun ún díẹ̀.