Sí Ọmọ Mi Tó Pè Mí Ní Oníbàárà Ọ̀wọ́n

Ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o jí? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ àtijáde àtiwọlé rẹ, ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ, ojú kò ní tì ọ́ láwùjọ. Àmín. Mo sáré gbàdúrà náà tán kí inú tó bí mi dé ibi tí àdúrà kò ti ní lè jáde mọ́, nítorí inú ń bí mi, ó ń bí mi gan-an ni.

Bàbá rẹ ń kí ọ. Orúnkún rẹ̀ ṣì ń dùn ún, ẹnu rẹ̀ ni kò dùn ún rárá. Ajá wa ti bímọ. Ìròyìn ilé tó kù, ìwọ lo fà á.

Lọ́jọ́ Ajé mo dé ilé ìkàwé, mo bá bébà kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn. Wọ́n ní ìparí oṣù yìí làwọn máa ti yàrá kọ̀ǹpútà pa, torí pé gbogbo èèyàn ló ti ní fóònù. Mo ń rẹ́rìn-ín, mo ní òmùgọ̀ wo ló kọ eléyìí, àfi bí mo ṣe dé ìsàlẹ̀ bébà tí mo bá orúkọ rẹ. Orúkọ tí èmi àti bàbá rẹ jiyàn lé lórí kí a tó fi pè ọ́! Mo sọ fún gbogbo wọn pé olè ló jí i lò. Mo gbèjà rẹ títí mo fi làágùn. Bíríkìlà àdúgbò wa ní olè kì í kọ ipò tó wà níbi iṣẹ́ sábẹ́ orúkọ.

Fóònù wo ni gbogbo èèyàn ní? Èyí tí o rà fún mi wà nínú àpótí, mo fi aṣọ wé e kí òtútù má mú un. Ó ń jẹ dátà bí ewúrẹ́ tó já wọ oko, bẹ́ẹ̀ mi ò fi ṣe nǹkan kan ju pé mo tẹjú mọ́ ọn lọ, lẹ́tà inú rẹ̀ sì dà bí ẹsẹ̀ èèrà. Aránṣọ ni mí, ojú mi ni mo fi ń jẹun, o sì mọ̀ pé láti èṣí ni mi ò ti lè ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Ilé ìwòsàn ojú ní àwọn kì í gba èèyàn lẹ́nu ọ̀nà mọ́, orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni kí n ti gba ọjọ́. Mo pè ọ́, o ní ó rọrùn, kí n kàn tẹ̀ ẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́ títí àtàǹpàkò mi fi wú.

Ilé ìkàwé ló gbà mí. Obìnrin tó ń tọ́jú ibẹ̀, tí a ń pè ní Olóhùn-Jẹ́jẹ́, ní wákàtí kan ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ní látìgbà tó bá ti kọ orúkọ, bó bá ti pé, ẹ̀rọ á pa ara rẹ̀. Mo kọ orúkọ sílẹ̀. Ṣé mo wá lè wọlé bá àgbààgbà kí n kàn jókòó bí ẹran? Mo kí wọn. Mo kí opó káfíńtà, mo béèrè ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun, tó jẹ́ pé ojú kọ̀ǹpútà ló ti ń rí i. Mo kí bíríkìlà tó ń wá iṣẹ́ níbẹ̀ pé ó kú ìrọ́jú. Wọ́n béèrè rẹ, mo yìn ọ́, mo yìn ọ́ pẹ́ jù! Bí mo ṣe jókòó tí mo ní kí n kí ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀, ó dúdú mọ́ mi lójú. Mo ní irú ẹ̀kọ́ ilé wo nìyí, kí àgbà máa kí ọ kí o pajú dé?

Nígbà tó tún ṣẹlẹ̀, Olóhùn-Jẹ́jẹ́ rọra ní kí n máa kí wọn tán níta kí n tó kọ orúkọ. Látìgbà náà, orí àtẹ̀gùn ni gbogbo wa ti ń kíra. Obìnrin yìí kò bá mi tẹ̀ ẹ́ o, ó gbé ọwọ́ mi lé nǹkan kékeré kan tó rí bí ọṣẹ, ó ní kí n tì í kiri fúnra mi. Mo gba ọjọ́ mi, ilé ìwòsàn fún mi ní awò ojú. Awò yẹn náà ni mo fi ka orúkọ rẹ lára ilẹ̀kùn.

Bébà yín ní ẹni tó bá ní àtakò, orí íńtánẹ́ẹ̀tì nìkan ni kó ti fi ránṣẹ́. Ẹ fẹ́ gba ẹnu wa, ẹ sì ní ẹnu yẹn náà ni ká fi ké. A kíra kíákíá lórí àtẹ̀gùn, a wọlé. Mo kọ tèmi bí ìyá ṣe ń kọ̀wé sọ́mọ, mo tiẹ̀ béèrè ikọ́ rẹ. Kí n tó mí kanlẹ̀, èsì dé! Mo kígbe pé ẹ wá wò ó, ọmọ mi ti jókòó dè mí. Gbogbo yàrá pàtẹ́wọ́. Mo wá kà á síta, ó ní, oníbàárà wa ọ̀wọ́n, a dúpẹ́ pé ẹ kàn sí wa, ọ̀rọ̀ yín jẹ wá lógún. Opó káfíńtà ní tòun náà pe òun ní ọ̀wọ́n. Bíríkìlà ní ṣé gbogbo wa la jọ bí ọ ni.

Oníbàárà? Èmi? Kí ni mo rà lọ́wọ́ rẹ? Oyún rẹ tí mo gbé, ṣé ọjà ni? Olóhùn-Jẹ́jẹ́ ní kí n má bínú, ẹ̀rọ ló ń dáhùn, kò séèyàn nídìí rẹ̀. Ìyẹn ló bí mi nínú jù. Ẹ gbé ẹ̀rọ jókòó láti gbọ́ ẹjọ́ wa, ẹ sì fẹ́ kó ẹ̀rọ tí a fi ń rojọ́ lọ.

Nítorí náà, fi owó ọkọ̀ èèyàn mẹ́ta ránṣẹ́, èmi, opó káfíńtà àti bíríkìlà. À ń bọ̀ ní ọ́fíìsì rẹ. N kò ní jà, n kò ní pariwo. Mo máa kí ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, mo máa béèrè ìyàwó rẹ̀. Mo máa kí akọ̀wé, kí ọ̀gá rẹ, kí ọ̀gá ọ̀gá rẹ, lọ́kọ̀ọ̀kan, mo máa sọ ìyá ẹni tí mo jẹ́ fún wọn, àti bí o ṣe dàgbà tó kí o tó jáwọ́ nínú títọ̀ sílé. A ò ní dẹ́kun ìkíni títí wákàtí yín yóò fi pé, tí ọ́fíìsì yín náà yóò fi dúdú, àyàfi tí o bá gbé bíírò, tí o pa orúkọ rẹ rẹ́ lábẹ́ bébà yẹn kí n tó dé.

Jẹun kí o tó sùn. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o dàgbà di ẹni tí ẹ̀rọ ń dá lóhùn dípò ọmọ rẹ̀. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
oníbàárà rẹ ọ̀wọ́n.