Àwọn Àlejò Onígbàjámọ̀ Ọlọ́wọ́ Òsì

Bàbá mi àtàtà,

Olùkọ́ tó ń kọ́ wa níwèé ní kí kálukú kọ lẹ́tà sí ẹni tó jìnnà sí i, kí ọwọ́ wa lè já gaara. Àwọn tí a jọ ń kàwé kọ sí ọkọ wọn l'Ékòó, àwọn kan kọ sí ẹ̀gbọ́n wọn. Èmi jókòó, mo rò ó títí, n ò rí ẹni tó jìnnà tó yín. Ẹ má wo bí ìkọ̀wé mi ṣe ń wọ́ lọ wọ́ bọ̀. Ẹ̀yin náà lẹ jẹ́ kí n lọ kọ́ ọ. Nígbà tí ẹbí ń ráhùn pé ọmọ ìmàle ń lọ kàwé lọ́dọ̀ onígbàgbọ́, ẹ ní ìwé kì í ṣe ìjọ, ẹ sì ń pọ́n abẹ yín lọ.

Ọkàn mi balẹ̀ lónìí, ìyẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ fún yín. Láti ìgbà tí a ti sin yín, òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jí tí àyà mi ò já. Àwọn àlejò yín ò lọ mọ́. Wọ́n wà nílé níbí, wọ́n ń pariwo, wọ́n ti mu omi inú àmù tán, kò sì sí ẹni tó máa pọn òmíràn nínú wọn.

Ẹ mọ̀ pé n ò fẹ́ràn wọn. Kí ni mo fẹ́ fi pa mọ́ fún yín báyìí? Láti ọjọ́ tí ojú irin ti dé Ọ̀fà ni ilé wa ò ti jẹ́ tiwa mọ́. Bí ọkọ̀ bá ti sọ èèyàn sílẹ̀ ní tẹ́ṣàn, tórí onítọ̀hún kún fún eruku, abẹ́ igi yín níbẹ̀ ló ń bọ̀. Ẹ ó fá a lórí, kí n tó gbá irun ilẹ̀ tán, á ti béèrè ibi tí òun lè sùn. Ẹní mi ni yóò sùn lé. Wọ́n ní onílé ń jẹ èso gbìngbindò, àlejò ní kí wọ́n ṣe òun lọ́wọ́ kan ẹ̀wà. Nílé tiwa, èmi ni mo tún ń se ẹ̀wà ọ̀hún.

Ṣùgbọ́n mo mọ ìdí tó fi jẹ́ pé àlejò nìkan lẹ ń fá lórí. Ará ìlú kì í jókòó síwájú yín. Ọwọ́ òsì lẹ fi ń mú abẹ, Ọlọ́run ló dá a mọ́ yín, kò sì sí ìyà tí ìyá yín ò fi jẹ yín lórí rẹ̀. Wọ́n ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, ká má tíì wá sọ pé ká fi kan orí tí èèyàn gbé wáyé. Mo máa ń rí yín nílé ìsọmọlórúkọ àti níbi ìgbéyàwó. Ẹ ó jókòó lé ọwọ́ yẹn mọ́lẹ̀, kó má baà lọ gba obì lọ́wọ́ ẹnì kan kí ẹ tó rántí. Bí ẹ bá dìde, ọwọ́ á ti kú, ẹ ó máa gbọn ọ́n. Mo máa ń rẹ́rìn-ín nígbà náà. N kì í rẹ́rìn-ín mọ́ tí mo bá rántí rẹ̀.

Àdúà fìdáù yín ò tíì ju bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ tí àṣẹ fi dé láti ọ̀dọ̀ òyìnbó, tí wọ́n sì kéde rẹ̀ láàfin. Àlejò tí kò bá ní onílé tí ààfin mọ̀, kó kó ẹrù rẹ̀, kó wọ ọkọ̀ ojú irin padà. Ọ̀rọ̀ náà gba gbogbo ìlú. Ní odò, ní ojú oko, ní ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, òun náà ni wọ́n ń sọ. Àwọn kan ní ó ti pẹ́ jù, àwọn kan ní kí ni àwọn èèyàn náà fi ṣe wá. Ẹ ṣáà mọ bí ó ṣe wà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá gba àlejò, ó gbọ́dọ̀ mú un lọ sí ààfin, kó gbé obì kalẹ̀, kó ní òun ni onílé rẹ̀, kó sì dáhùn bí ó bá ṣẹ̀. Ẹ ò mú ẹnì kan ṣoṣo lọ rí.

Dógárì ààfin wá bá mi nínú ilé. Ó ní nígbà tí àwọn béèrè onílé lọ́wọ́ àwọn tó wà ní àgbègbè tẹ́ṣàn, orúkọ kan náà ni gbogbo wọn ń dá, orúkọ yín. "Òkú ò lè ṣe onílé," ló wí. "Wá sí ààfin lọ́la, kí o wá sọ èyí tí o bá mọ̀." Mo bá a débẹ̀, mo sì rí wọn níta. Ńdá, Tápà tó ń hun ẹní, wà níbẹ̀, àti àwọn tí mo ti bu oúnjẹ fún títí ọwọ́ mi fi bó. Ṣùgbọ́n mo rí àwọn mìíràn tí n ò rí rí láyé mi. Wọ́n ti gbọ́ orúkọ yín lẹ́nu àwọn tó kù ni. Wọ́n sì gbọ́n, torí òkú kì í sọ pé òun ò mọ èèyàn rí.

Bàbá Lámídì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ẹni tí oko wọn wà lọ́nà Ìjàgbó. Ẹ mọ̀ pé ẹnu wọn kì í dákẹ́.

"Mo bá ọkùnrin kan tó ń kọ ebè nínú ilẹ̀ tí mo fi sílẹ̀ kó sinmi," ni wọ́n wí. "Mo ní ta ló fún ọ, ó ní ó ṣófo ni. Ilẹ̀ baba mi ló pè ní òfìfo. Iṣu ti wọ́n, igi ìdáná ti wọ́n. Ìjọba dé, ó ń ka orí, àwa là ń san owó orí. Lọ́jọ́ tí agbowó bá dé, àlejò á ti gun ọkọ̀ ojú irin lọ. Kí wọ́n padà síbi tí wọ́n ti wá."

Bàbá, mo mi orí sí i. Irọ́ kọ́ ni wọ́n ń pa, àwa tí à ń pọnmi tí à ń ṣẹ́gi mọ̀ ọ́n. Àgbà ìjòyè kan tó jókòó ní apá ọ̀tún Kábíyèsí bi wọ́n léèrè.

"Lámídì, nígbà tí ogun tú ìlú yìí, ibo lo ti ń jẹ iṣu?"

"Òṣogbo ni, Bàbá."

"Ta ló gbìn ín?"

"Ìyẹn yàtọ̀. Ogun ló lé wa débẹ̀. Kò sógun tó lé àwọn wọ̀nyí."

"Ebi ńkọ́?"

"Ebi kì í ṣe ogun, Bàbá. Àti pé nígbà tí àwa débẹ̀, wọ́n mú wa lọ sọ́dọ̀ ọba, a dọ̀bálẹ̀, wọ́n mọ̀ wá. Ta ló mú àwọn wọ̀nyí wá? Onígbàjámọ̀ yẹn ló kó wọn jọ lẹ́yìn ìlú. Kò mọ èyí olè, kò mọ èyí ọmọlúàbí. Ó kú tán, ó fi wọ́n sílẹ̀ fún wa."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dọ́kàn. Wọ́n ń bú yín lójú mi. Àgbà ìjòyè wá yíjú sí mi.

"Ìwọ ọmọ gbàjámọ̀, ṣé o mọ àlejò bàbá rẹ?"

"Mo mọ̀ wọ́n, Bàbá. Èmi ni mo ń se oúnjẹ wọn."

"Ṣé gbogbo àwọn tó wà níta yìí ni?"

Bí mo bá ní gbogbo wọn ni, tí wọ́n sì ká irọ́ mọ́ mi lẹ́nu, gbogbo wọn ni yóò wọ ọkọ̀ àárọ̀, àtẹni yín àtẹni tí kì í ṣe tiyín, orúkọ yín á sì bàjẹ́ lójú Kábíyèsí. Mo bojú wo àwọn tó wà níta. Àgbà ìjòyè rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kí wọ́n kó wọn wọlé.

"Ẹ dijú," ló wí fún wọn. "Gbogbo yín. Kí kálukú na ọwọ́ tí onígbàjámọ̀ yẹn fi ń fárí sókè."

Wọ́n dijú bí ọmọdé. Ńdá ló kọ́kọ́ na tirẹ̀, ọwọ́ òsì gbọnrangandan, níwájú ọba. Àwọn ará ààfin kùn, torí ta ló ń na ọwọ́ òsì sí Kábíyèsí? Òmíràn tún lọ sókè, òmíràn tún tẹ̀lé e, títí ọwọ́ òsì fi kún àgbàlá. Kábíyèsí fúnra wọn rẹ́rìn-ín. Mo sunkún, Bàbá. Ọwọ́ tí ẹ ń jókòó lé, òun ni gbogbo wọn nà sókè láàfin, tí ojú ò sì ti ẹnì kankan nínú wọn. Ṣé nítorí rẹ̀ ni ẹ ò fi mú wọn wá rí? Ṣé ẹ̀rù ń bà yín pé bí ẹ bá fẹ́ gbé obì kalẹ̀, òun ni yóò ṣáájú jáde? Ẹ ì bá sọ fún mi. Èmi ì bá bá yín gbé e.

Ọwọ́ ọ̀tún mẹ́ta ló wà láàárín wọn. Ti àwọn ọkùnrin méjì, àti ti obìnrin kan lẹ́yìn pátápátá tó pọn ọmọ. Dógárì fa àwọn ọkùnrin náà jáde, wọn ò janpata. Nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ obìnrin náà, ìyẹn ṣì dijú, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè. Kò sẹ́ni tó tíì ní kó lajú. Àkànní ẹ̀gbọ́n mi ló sọ sí mi lọ́kàn. Ìgbà wo ló ti lọ sí Kúmásì? Nígbà tó débẹ̀ tí wọ́n béèrè onílé lọ́wọ́ rẹ̀, orúkọ ta ló dá? Ṣé ẹni yẹn mọ̀ ọ́n rí?

Bí ẹnu mi ṣe là nìyẹn.

"Ọwọ́ ọ̀tún ni bàbá mi fi ń fá orí ọmọ ọwọ́," ni mo wí. "Àwọn ìyá wọn ló máa ń bẹ̀ wọ́n."

Àgbà ìjòyè dìde, ó rìn lọ bá obìnrin náà, ó ká aṣọ kúrò lórí ọmọ. Bàbá, irun orí ọmọ náà kún bí igbó. Abẹ ò kàn án rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, afọ́jú gan-an á mọ̀ ọ́n.

"Irun ọmọ yìí mà tètè hù," ló wí.

"Ó tètè hù, Bàbá," ni mo dáhùn.

Ó wò mí. Èmi náà wo ilẹ̀. Bàbá Lámídì ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ẹ gbà mí gbọ́, àwọn gan-an, wọ́n sì rín in títí wọ́n fi ń wúkọ́. Bí gbogbo ààfin ṣe gbà á nìyẹn. Kábíyèsí wá pàṣẹ pé ilé wa ni onílé wọn láti òní lọ. Bí wọ́n bá ṣẹ̀, èmi ni wọn yóò pè. Kí wọ́n máa mú owó orí wọn wá sọ́wọ́ mi, kí ẹni tó ń kọ ebè sì lọ bá Bàbá Lámídì tọrọ ilẹ̀, kó máa san ìṣákọ́lẹ̀. Ìdáhùn yẹn tẹ́ Bàbá Lámídì lọ́rùn, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn. N ò mú obì lọ, n ò mọ̀ pé yóò kàn mí. Àgbà ìjòyè mú nínú tirẹ̀ fún mi, mo kúnlẹ̀, mo gbé e kalẹ̀.

Àwọn ọkùnrin méjì yẹn nìkan ló kù mí kù. N ò rí nǹkan kan sọ fún wọn. Wọ́n bá ọkọ̀ àárọ̀ yìí lọ, mo gbọ́ bó ṣe fọn. Ṣé ẹ̀yin ì bá rí ọ̀rọ̀ sọ? Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń gba ẹni tí ẹ ò mọ orúkọ rẹ̀, ṣé ẹ kì í bẹ̀rù?

Àṣàkẹ́ lorúkọ obìnrin náà. Nígbà tí a délé lánàá, ó kúnlẹ̀ fún mi lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ má bínú, mà, mi ò rí Bàbá yín rí," ló wí. "Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ojú irin, mo wá a dé ibí, wọ́n ní iṣẹ́ ti gbé e lọ sí Jẹ́bà. Àwọn èèyàn tẹ́ṣàn ló ní kí n dá orúkọ Bàbá."

"Mo mọ̀," ni mo wí. "Dìde, ilẹ̀ ti fẹ́ ṣú."

Kò dìde. Ó tú ọmọ sílẹ̀ lẹ́yìn, ó gbé e lé mi lẹ́sẹ̀. Ó ní bàbá ọmọ ò sí ńlé, kò sẹ́ni tó bá òun fá irun ìkúnlẹ̀ tó gbé wáyé, kí n jọ̀ọ́ bá òun fá a. Mo wọ yàrá yín, mo mú abẹ yín jáde, mo po ọṣẹ dúdú sínú igbá. N ò fá orí ẹnikẹ́ni rí, mo fi ọwọ́ ọ̀tún di abẹ mú. Ọmọ náà ké díẹ̀, lẹ́yìn náà ó sùn lọ lórí itan mi, mo sì rọra fá a títí orí rẹ̀ fi ń dán. Irọ́ tí mo fi orúkọ yín pa láàfin, Bàbá, ó ti di òótọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọwọ́ ọ̀tún la fi ń fá orí ọmọ ọwọ́ nílé wa.

Èmi ni, ọmọbìnrin yín tó fẹ́ràn yín, tó ti di onílé àwọn àlejò yín.